Obìnrin Tó Ń Wo Ojú Àwọn Òǹwòran

Ọdún kọkàndínlógún nìyí tí Ìyá Tọ́ọ̀ṣì ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé sinimá, kò sì tíì wo fíìmù kan rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má rò pé mò ń parọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, kó tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ níwájú ẹni tó bá pẹ́ dé, kó sì mú un dé ìdí àga rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Bí gbogbo èèyàn bá ti jókòó tán, á lọ dúró ní igun iwájú lápá òsì, á kẹ̀yìn sí fíìmù, á sì kọjú sí àwọn òǹwòran. Ojú èèyàn ni sinimá tirẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń sùn, ó mọ ẹni tó ń jẹ gúgúrú kí ẹkún má baà jáde, ó sì mọ àwọn ọkùnrin tí wọ́n máa ń nu ojú bíi pé kòkòrò ló kó sí i. Kòkòrò wo ló ń kó sí ogún ọkùnrin lójú lẹ́ẹ̀kan náà?

Fíìmù tó dé lóṣù yẹn, omijé ni wọ́n fi pò ó. Ó dá lórí ọmọbìnrin kékeré kan tí ìyá rẹ̀ ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ. Ẹnì kan ń tẹ dùùrù ní ilé kejì, ọmọ náà ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, ó sì mọ gbogbo orin náà sórí. Dùùrù ò sí nílé wọn, ni ìyá bá fi ẹfun ya dùùrù sórí tábìlì, ni ọmọ bá ń tẹ tábìlì. Nígbẹ̀yìn, ó tẹ dùùrù gidi níwájú ẹgbẹ̀rún èèyàn. Ẹni tó ṣe fíìmù náà mọ ibi tí ẹkún wà lára èèyàn, ibẹ̀ náà ló sì ń tẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, Ìyá Tọ́ọ̀ṣì ti mọ ibi tí ẹkún kọ̀ọ̀kan wà, etí lásán ló sì fi mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ti gbọ́ tí ẹfun ń ha tábìlì, ó mọ̀ pé àwọn obìnrin ìlà kẹta ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó wá ra tíṣù páálí kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in kí ẹkún tó dé. Ìwà rẹ̀ ni. Obìnrin náà kì í dúró de nǹkan. Ọmọ inú fíìmù ṣì ń rẹ́rìn-ín, òun ti ń kọjá láàárín ìlà, ó ń na tíṣù sí wọn. Bàbá arúgbó kan di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màmá, ṣé ọmọ yìí máa kú ni?"

"Rárá o, kò ní kú."

"Kí wá ni tíṣù wà fún?"

Ni gbogbo ìlà bá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹfun fi máa kan tábìlì, kò sẹ́ni tó rí ẹkún sun mọ́. Máníjà pè é sí ọ́fíìsì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé fi tíṣù de ẹkún àwọn èèyàn."

"Ọ̀gá, mi ò fẹ́ kó bá wọn lójijì ni."

"Òjijì yẹn gan-an ni wọ́n wá wò!"

Máníjà jàre, obìnrin náà gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn yìí ti pẹ́ lára Ìyá Tọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe ilé sinimá ló ti bẹ̀rẹ̀, ilé tirẹ̀ ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Olóhùn Iyọ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, ó kọrin ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó ń nu ẹkún. Ìyá rí i. Ohun tó rí lọ́jọ́ náà dùn mọ́ ọn ju oyin lọ, kò sì yó mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ibikíbi tí ọmọ náà bá ti ń kọrin, ìyá á dúró níwájú, á kẹ̀yìn sí ọmọ, á máa wo ojú àwọn èèyàn láti mọ ẹni tí orin ti wọ̀ lára. Bí ó bá rí ojú kan tó gbẹ, á fi ọwọ́ ṣe àmì lẹ́yìn pé kí ọmọ gbé ohùn sókè. Orin ò ní tíì parí tí á ti máa pàtẹ́wọ́, kí àwọn tó kù lè tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá délé, á wá máa ròyìn: "Ìyàwó dókítà sunkún, ṣé o rí i? Ọkọ rẹ̀ ló le bí òkúta. Má dá a lóhùn, a máa mú òun náà."

Lọ́dún tí ọmọ pé méjìlá, níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó kọrin dé ìdajì, ó sì pa ẹnu dé. Ó ní ọ̀fun ń dun òun. Ọ̀fun náà ti ń dun ún fún ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí. Ó ti wà nílé ọkọ, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gé dígí ojú, oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n wọn kì í dárúkọ orin. Bí rédíò bá ti fẹ́ kọrin, ọ̀kan nínú wọn á ti yí i síbi ìròyìn.

Lọ́jọ́ kan, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Mọ́mì, fíìmù ọmọ onídùùrù yìí, gbogbo ará ibi iṣẹ́ wa ló ti wò ó. Mò ń bọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀."

"Kí lo fẹ́ wá wò níbẹ̀? Ẹkún lásán ni o."

"Ẹ̀yin náà lẹ máa fún mi ní tíṣù nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gé fóònù. Ìyá wá ń ka ọjọ́ títí Ọjọ́bọ̀ fi pé. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: bí ọmọ òun bá sunkún níbi tí gbogbo ayé ti ń sunkún, a jẹ́ pé orin ṣì kù nínú rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá gbẹ, a jẹ́ pé òun ìyá ló fi ọwọ́ ara òun pa orin náà.

Ọjọ́bọ̀ dé. Èèyàn ò pọ̀. Ó fi ọmọ rẹ̀ sí ìlà karùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nítorí aboyún kì í fẹ́ jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó wá lọ dúró sí igun rẹ̀, kò sì wo ojú ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà. Ẹfun kan tábìlì. Ìlà kẹta bẹ̀rẹ̀, kòkòrò kó sí àwọn ọkùnrin lójú, ọmọ rẹ̀ ń jẹ gúgúrú. Ọmọ inú fíìmù wọ gbọ̀ngàn ńlá, dùùrù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹnì kan ń mí hẹlẹ lẹ́yìn. Ojú ọmọ rẹ̀ gbẹ táútáú. Ìgbà náà ló tó ṣàkíyèsí pé ọmọ náà ò wo fíìmù rárá. Òun ni ọmọ ń wò.

Ọmọ na ọwọ́ sí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá mi orí, ó gbé tọ́ọ̀ṣì sókè láti fi hàn pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Ni aboyún bá di apá àga mú, ó fẹ́ dìde. Ìyá sáré débẹ̀.

"Jókòó, jókòó! Kí lo fẹ́?"

"Ẹ jókòó tì mí. Ẹ wo fíìmù."

"Mo ti mọ bó ṣe máa parí."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, Mọ́mì. Ẹ ò wò ó rí."

Ó jókòó, ó gbójú sókè. Ọmọ inú fíìmù tí òun ti ń fi etí gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá, ó ti rò pé ọmọ gíga kan ni. Ọmọ bíńtín ni, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ lórí àga dùùrù. Ìyá ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, aṣọ ìfọbọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà níbẹ̀, kò wo ẹnì kankan nínú wọn. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń wò. Ẹkún dé bá Ìyá Tọ́ọ̀ṣì lójijì, kò sì sí tíṣù lọ́wọ́ rẹ̀; apá aṣọ iṣẹ́ ló fi nu imú.

Iná tàn, àwọn èèyàn jáde. Ogún ìṣẹ́jú ló wà láàárín fíìmù kan àti òmíràn. Ọmọ ò dìde.

"Mọ́mì, bọ́tìnnì mẹ́fà ló wà lẹ́yìn búláòsì aláwọ̀ ewé yín ayé ọjọ́un. Ìkẹta, òwú dúdú lẹ fi rán an. Òun ni mò ń wò ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọrin. Mo máa ń rò ó pé bí mo bá kọ ọ́ dáadáa ju báyìí lọ, ẹ máa yíjú sí mi."

Ìyá lanu. Àwíjàre ti wà létè rẹ̀: pé torí ọmọ náà ni, pé kí ayé lè mọ̀ ọ́n ni, pé ìyá wo ni kò ní yangàn. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Àgbà kì í fẹ́ jẹ̀bi lójú ọmọ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó gbà.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Ojú àwọn ẹni ẹlẹ́ni ni mò ń wò, mo fi ojú tìrẹ sílẹ̀. Jọ̀ọ́, forí jì mí."

Ọmọ fọwọ́ pa ikùn. "Mo fẹ́ máa kọrin fún ẹni tó wà nínú yìí. Bí mo bá ti lanu báyìí, ẹ̀yìn yín ni mò ń rí, ohùn á wọlé padà."

Ìyá dìde. Ó bọ́ bàtà, ó gun àga ìlà kẹrin, ó kúnlẹ̀ sórí rẹ̀, ó kọjú sẹ́yìn, ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀yìn àga. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta! Ojú rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Mọ́mì, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi o!"

"Ta ló kúnlẹ̀ fún ẹ? Àga ni mo kúnlẹ̀ fún. Kọrin jàre."

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀. Orin ìwẹ̀ ni, èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń fi wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ká sòótọ́, ohùn náà ò dùn mọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ti jẹ́ kó há. Ó já níbì kan, ó gbọ̀n níbì kan, ibi tó yẹ kó lọ sókè, kò lè débẹ̀. Ẹni tó bá sunkún sí i, àfi kí bàtà máa há a lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó dúró, ó ń gbọ́. Ìyá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, kò yíjú wò ó láti mọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Ẹnu ọmọ rẹ̀ ló ń wò, bó ṣe ń ṣí, bó ṣe ń pa dé. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń tẹ orí sápá kan bí ó bá fẹ́ mú ohùn lọ sílẹ̀.

Orin dúró. Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn lókè. Ọwọ́ Ìyá Tọ́ọ̀ṣì méjèèjì wà lórí ẹ̀yìn àga, wọn ò mira.

"Ẹ ò ní pàtẹ́wọ́ ni?" ọmọ bi í.

"Ṣé ó ti parí?"

Omi wá gba ojú ọmọ, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó mi orí.

"Rárá. Èémí ni mò ń mí. Ó ku ẹsẹ kan."

"Mò ń gbọ́."