Ọmọ Ọlọ Àǹtí Mi

Òórùn ata lórí ọlọ ló ń dá mi padà sí ọ̀sán tí Àǹtí mi bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Àgbádárìgì, létí òkun. Èmi àti òun la jọ ń sùn lórí ẹní kan n'Íjẹ̀bú-Igbó kí ọkùnrin onímọ́tò yẹn tó dé. Mo jowú rẹ̀ débi pé mi ò kí i. Bí wọ́n ṣe ń di ẹrù sínú búùtù, mo gbé ọmọ ọlọ Àǹtí mi pamọ́ sábẹ́ igi ìdáná, kí ó lè padà wá mú un.

"Àǹtí, ṣé ẹ ò gbàgbé nǹkan kan?"

Ó wo ìdí igi, ó wojú mi. "Rárá o, ọkọ mi."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ó rí mi, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ fún mi ni. Òun ni mo fi ń lọ ata títí dòní. Kí ọkọ rẹ̀ máa jẹ ata ẹ̀rọ.