Alájì Tó Wà Nínú Firísà Mi

Ẹja tútù ni mò ń tà ní Lotto, ní Mówe. Nígbà kan, ọ̀gá onífíìmù kan wá bẹ̀ mí pé kí n yá òun ní firísà kan. Ọmọ Yorùbá ni, òkè òkun ló ti kọ́ṣẹ́. Ibogun ló ti ń ya eré rẹ̀, ṣùgbọ́n Mówe ni òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dé sí. Fíìmù àtijọ́ ló ń lò, èyí tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, tí wọ́n ká sínú agolo. Ó ní bó ṣe fẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ hàn kedere, débi pé èèyàn á lè ka irun imú òṣèré. Ooru ló máa ń bà á jẹ́. Mo gbà fún un.

Ibi tí à ń sọ ọ́ ni lanlọ́ọ̀dù mi bá wa. Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Alájì ni gbogbo wa ń pè é. Ọ̀gá yẹn fẹ́ràn ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ló bá mú un lọ sí Ibogun pé kó gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yà á, torí fíìmù náà wọ́n.

Nígbà tí Alájì dé, ó ní òun fẹ́ wo ara òun, wọ́n ní kò tíì ṣeé wò, àfi tí wọ́n bá gbé e lọ fọ̀ lókè òkun. Ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn án.

"Níbo ni mo wà báyìí?" ó bi mí.

Mo nawọ́ sí firísà.

Láti ọjọ́ kejì, bó bá ti kírun àsùbá tán, ó di ọ̀dọ̀ mi. Á gbé ọwọ́ lé ìdérí firísà, á béèrè bóyá iná wà. Ó ní kí n kó ẹja kòtẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí òun má baà rùn nínú eré. Mo kó o. Ìyá oníbàárà kan fẹ́ ṣí i láti mú ẹja títù, kí n tó ronú, mo ti sọ fún un pé Alájì ló wà nínú rẹ̀. Ó wo Alájì tó jókòó síwájú mi lórí bẹ́ǹṣì. Alájì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá náà lọ ra ẹja níbòmíràn.

Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ mi bàjẹ́, Alájì gun ọ̀kadà lọ ra yìnyín n'Íbafo. Ìyàwó rẹ̀ ní kó wá jẹun, Alájì ní òun ò lè fi ara òun sílẹ̀ nínú ooru.

Wọ́n gbé agolo lọ sókè òkun. Ó tó oṣù mélòó kan kí wọ́n tó pè wá sí gbọ̀ngán kan n'Ibogun. Wọ́n ta aṣọ funfun bo ògiri láti ìkangun dé ìkangun. Kò sí ẹ̀rọ tó lè gbé fíìmù fífẹ̀ yẹn nítòsí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi gbé e sórí aṣọ náà.

Nígbà tí wọ́n ń yà á, wọ́n ti kìlọ̀ fún Alájì pé kó má wo kámẹ́rà. Ó sì gbọ́ràn jù: ó kẹ̀yìn sí i pátápátá. Ìpàkọ́ rẹ̀ nìkan ló kún ògiri, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ, pẹ̀lú àmì eéwo àtijọ́ àti ẹran ọrùn tó hunjọ sọ́nà mẹ́ta. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ojú tì mí nítorí rẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni, ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngán ló ń bá a rí tirẹ̀ yìí.

Mo ní kí ó má bínú, pé wọn ò jẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn.

"Gbogbo Lotto ló mọ ojú mi," ó ní. "Ìpàkọ́ bàbá mi nìyẹn. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí tá a bá ń lọ sóko. Mi ò mọ̀ pé ó fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó dìde, ó lọ bẹ ọ̀gá onífíìmù pé kó dá a padà sẹ́yìn, kí òun tún un wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà kí a tó lọ wọkọ̀.