Bàálù Alápá Mẹ́rin Tó Gbé Ìyá Mi

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá ti gbọ́ ìró bàálù àtijọ́ yẹn lókè ilé wa ní Stone Mountain ní Amẹ́ríkà níbí, ńṣe ni mo máa ń sáré bo ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín yín lọ jàre. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Oko ìrèké ńlá kan létí odò Ọya ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Oko náà ní bàálù kan tó ní apá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n ó le bí ọmọ odó. Kò sí iṣẹ́ tí kì í ṣe. Òun ló ń wọ́n oògùn kòkòrò sórí ìrèké, òun ló ń kó irin ẹ̀rọ, òun náà ló ń gbé aláìsàn nígbà tí omi bá bo ọ̀nà. Bó bá ti ń kùn bọ̀, àwọn ìyá wa á figbe ta: "Ẹ bo omi! Ẹ kó ọmọ wọlé!" Oògùn yẹn ò mọ̀ pé ìrèké nìkan ni wọ́n rán òun sí.

Lọ́dún kan tí odò kún àkúnya, ìyá mi ń rọbí, ọmọ kọ̀, kò wá. Ọ̀nà ti di omi. Wọ́n yí àwọn dúrọ́ọ̀mù oògùn kúrò nínú bàálù, wọ́n tẹ́ ẹní síbẹ̀. Òórùn rẹ̀ ṣì ń ta wá nímú. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú gírígírí, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n gbé mi sínú nǹkan yìí." Ọmọdé bíi tèmi, kí ni mo fẹ́ ṣe? Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbọ́ ìró bàálù náà. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni ò bo ìkòkò. Gbogbo wa tú síta, à ń juwọ́, à ń kígbe. Ó kọjá lórí wa, ó rẹlẹ̀ sórí ìrèké, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n oògùn. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, kò tiẹ̀ balẹ̀ kí wọ́n gbé ìyá mi sọ̀ kalẹ̀. Háà! Ìyá bàbá mi káwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá mi ò padà mọ́, ọmọ inú rẹ̀ náà ò padà.

Ayé ti yí o. Lónìí, ambulance á ti dé kéèyàn tó gbé fóònù sílẹ̀. Irú bàálù yẹn ti di nǹkan ìgbafẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín tó lóyún ní òun máa wọ ọ̀kan Saturday yìí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Grandma, ẹ má worry jàre, it's just a ride."

Òní ni Saturday. Láti àárọ̀, kò gbé fóònù. Mo ti bo ọbẹ̀. Ẹ gbọ́, bàálù náà ti ń kùn bọ̀. Ẹ tún bá mi pe ẹ̀gbọ́n yín.