Ìpè Tí Ó Ní Kí N Fò

Nígbà tí ojú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fọ́ tán, ohun tó kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe ọ̀pá, kì í ṣe àdúrà. Ó béèrè pé ta ni yóò máa ka ìtàn fún òun. Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà. Mo ní ẹni tí kò rí iwájú, tí kò rí ẹ̀yìn, ìtàn ló ń wá! Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Oògùn ojú tí dókítà kọ fún un kò sí ní Àgbádárìgì, kò sí ní Èkó, ẹni tó sì ń bá wa rà á wá láti Kútọnu ní owó wa kò já mọ́ nǹkan lọ́hùn-ún mọ́. Ayé sójà ni, ayé ọ̀wọ́n ni. A tò fún mílíìkì, a tò fún ṣúgà, bí ẹnìkan bá sì ya kúrò lórí ìlà, sójà á ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ibi tí a ti ń tò fún oògùn ojú ni n kò rí.

Ìwé ìròyìn Yorùbá kan wà nígbà náà tó ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó ń gbé ìtàn kan jáde díẹ̀díẹ̀. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó sá fún ọkọ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fún un, tó wọ ọkọ̀ ojú omi pé òun ń lọ wá iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè. Gbogbo àdúgbò wa ló ń kà á. Àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ń kà á, àwọn Àlàájà tó ń ta aṣọ lẹ́bàá títì náà ń ránṣẹ́ wá béèrè ibi tó dé. Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà dé àárín òkun gan-an ni ìwé ìròyìn náà kò jáde mọ́. Wọ́n ní kò sí bébà. A dúró, a dúró, a wá mọ̀ pé ó tán nìyẹn. Wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ sórí omi, wọ́n bá tiwọn lọ.

Àwa tí à ń kà á ló wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ fúnra wa. Akọ̀wé kan ní Sẹ̀mẹ̀, tó ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé ẹnubodè, kọ tirẹ̀ sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé. Kò tíì kọ jìnnà tó fi ọmọ náà fún ọ̀gá ọkọ̀, ó sọ ọ́ di ìyàwó ọlọ́lá. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní kí n kà á tán ná. Àwọn mìíràn kọ, ìjà nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kọ. Èyí tó wọ̀ wá lára ni ti obìnrin kan ní Mowó, Ègùn ni, òróró àgbọn ló ń sè tà. Ìwé tirẹ̀ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀yìn rẹ̀ á ti ya.

Nínú ti obìnrin yìí, ọkọ̀ náà kì í yára dé ibì kankan. Òjò rọ̀, wọ́n fi tapólì bora. Wọ́n rẹ gàárì, wọ́n pín ẹja díndín, ẹni tó gba orí bínú sí ẹni tó gba ìdí. Ọmọ náà bá aláboyún kan di irun. Ó kọ òórùn òkun láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ̀gbọ́n mi á sì mí sínú bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń ráhùn pé ìgbà wo ni ọkọ̀ yìí fẹ́ gúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ráhùn. Lálaalẹ́ ni mò ń kà á fún un, òun ló sì ń mú un sùn, nítorí láti ìgbà tí ojú ti lọ ni oorun náà ti lọ.

Wọ́n dá ọ̀pọ̀ tíṣà dúró lọ́dún yẹn, èmi náà wà lára wọn. Nígbà tí mo máa ríṣẹ́, òkè Ọya ni mo ti rí i, ọ̀nà tó jìn bí ọ̀run. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó kàn kọjú sí ògiri. Ó dùn mí dé egungun. Èmi ni mo dábàá pé kí a ka àwọn ìwé náà sínú kásẹ́ẹ̀tì, nítorí bàbá wa fi rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ fún wa. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́. Ó ní kéèyàn ka ìwé ẹni nínú yàrá, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n ohùn tó bá ti wọ kásẹ́ẹ̀tì lè rìn dé ibi tí olóhun kò mọ̀. Mo ní ta ni yóò mú wa? Ó ní òun kò bi mí léèrè ẹni tó máa mú wa.

Mo gba Sẹ̀mẹ̀ lọ. Akọ̀wé náà gbà kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ra kóòkì fún mi mu, ó ní kí n má ṣáà gbàgbé láti pe orúkọ òun níbẹ̀rẹ̀, kí n tún pè é ní ìparí. Mo rẹ́rìn-ín dé inú ọkọ̀. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti Mowó yóò ṣe rọrùn.

Mo bá ìyá náà lórí àpótí, ó ń rin àgbọn. Ó kí mi, «mì kuabọ», ó fún mi lómi àgbọn mu. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ara rẹ̀ pọ́n, ohùn rẹ̀ sì rọra. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀gbọ́n mi fún un, ó ń mi orí, ó ń pòṣé fún wa. Nígbà tí mo dárúkọ kásẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí àgbọn. Ó bi mí bóyá gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ kà. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni. Ó ní, títí kan ibi tí ọmọ yẹn ti pe ìyá rẹ̀?

Mo rántí ibẹ̀ dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùru bo òkun, ọmọ náà dìde dúró nínú ọkọ̀, ó kọjú sí ọ̀nà ilé, ó pe ìyá rẹ̀. Ìyá kò dáhùn. Ìwé náà kàn ṣí lọ sórí ọ̀rọ̀ gàárì. Mo máa ń rò pé ìyá tó kọ ọ́ gbàgbé láti kọ ìyókù ni. Mo ní ibẹ̀ gan-an ló dùn jù, mo ti ń fi ohùn tín-ínrín dán an wò nílé. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó nu ọwọ́, ó gba àwọn ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má kà á, kí n má ka ìkankan nínú rẹ̀. Ó kí mi pé ó dìgbà, ó wọlé.

Ara mi gbóná. Láti Mowó dé ilé ni mo ń dá sọ̀rọ̀. Mo ní àgbọn ló ń rin tó ń ṣe bí ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ní òun kọ́ ló kọ́kọ́ gbé ọmọ náà sórí omi, mo ní ìwé tó ti tàn ká gbogbo títì kí ló tún ń gbé pamọ́. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí n pariwo tán. Ó wá ní kí n mú òun lọ bá a.

A lọ. Mo fa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ wọ àgbàlá náà, ìyá náà dìde, ó fi í jókòó sórí àpótí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá náà sọ ọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Nígbà tí ọ̀wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. Láti ọjọ́ náà, kò sí lẹ́tà, kò sí ẹni tó rí i.

Ó ní, «Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í dáhùn ìpè ẹni tí a kò rí. Bí obìnrin bá ń pe ìyá nínú ẹ̀rọ yẹn, tí mo bá gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń kọjá lọ, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dáhùn, mo ti gbà pé òkú ló ń pè mí. Bí n kò bá dáhùn, tó bá jẹ́ pé òun ni ńkọ́?»

Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Láti kékeré ni ìyá wa ti ń kìlọ̀ pé bí a bá gbọ́ orúkọ wa tí a kò rí ẹni tó pè é, kí a dákẹ́, nítorí a kò mọ ibi tí ohùn náà ti wá. Ìdí nìyí tí ìyá inú ìwé kò fi dáhùn. Kò gbàgbé nǹkan kan. Ojú tì mí, omi sì bọ́ lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ kiri títí ó fi bá ọwọ́ ìyá náà. Ó ní, «Ìyá, èmi kò rí ẹnikẹ́ni tó ń pè mí mọ́. Gbogbo wọn ni mo ń dá lóhùn. Tí n kò bá dáhùn, ta ni yóò sún mọ́ mi?»

Ìyá náà sunkún ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tó nu ojú tán, ó wọlé, ó kó àwọn ìwé náà jáde fún mi. Ó ní òun yọ̀ǹda gbogbo rẹ̀ àfi ìpè yẹn, kí n fò ó. Mo búra fún un.

Mo ka ìwé náà sínú kásẹ́ẹ̀tì ní yàrá wa. Iná ìjọba kò sí, nítorí náà a ń sá bátìrì sóòrùn kí ó lè lágbára díẹ̀ sí i. Ewúrẹ́ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, òjò wà níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi ìpè, mo dákẹ́, mo ṣí ìwé, mo bọ́ sórí gàárì. Lẹ́yìn náà ni mo gba òkè Ọya lọ.

Ó lé lọ́dún kí n tó rí àyè wálé, Kérésìmesì ni. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ìyá Mowó ti di ará ilé. Bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á gbé ìgò òróró kan wá, á jókòó tì í, àwọn méjèèjì á jọ máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan ti Gàbọ́ọ̀nù dé ní oṣù tó kọjá, ó lọ bá ìyá náà nílé. Inú ọkọ̀ kan náà ni òun àti ọmọ ìyá náà jọ wà. Ibà mú ọmọbìnrin náà kí wọ́n tó rí ilẹ̀, wọ́n sì ṣe fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó kú lórí omi. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ ní tiwa, ṣùgbọ́n ti èyí, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni ìyá náà wọlé wá lọ́sàn-án, mo wo ojú rẹ̀, n kò rí ibi tó ti sàn. Ó ti gbẹ. Mo kúnlẹ̀ kí i, n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Òun ló ń tù mí nínú. Ó bi mí léèrè òkè Ọya, ó bi mí bóyá wọ́n ń jẹ àgbọn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tú ọ̀kan nínú àwọn ìwé rẹ̀ jáde láti inú gèlè tó fi wé e, ó ṣí i, ó na ìka sí i. Ó ní, «Ka èyí tí mo ní kí o fò.»

Mo bi í bóyá kí n tan ẹ̀rọ kí ó gba ohùn wa sílẹ̀. Ó ní kí n tàn án.

Mo kà á. N kò fi ohùn tín-ínrín kà á, ohùn mi gan-an ni mo lò. Mo ka kùrukùru, mo ka bí ọmọ náà ṣe dìde dúró. Mo pe ìyá rẹ̀.

«Ovi ṣie, ọmọ mi,» ni ìyá náà dáhùn. «Mo gbọ́. Èmi nìyí.»

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ó parí, ó na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kí ó jẹ́ kó wà ní títàn, òun kò tíì sọ tán. Ó fa àpótí sún mọ́ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Ègùn, ó sì ń sọ ọ́ lọ títí kásẹ́ẹ̀tì náà fi tán.