Tòbí tí A Hun fún Igi

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ara mi kò balẹ̀ rárá. Wọ́n ti fẹnu kò lórí yìgì mi, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí yóò fẹ́ mi ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí ilẹ̀ Gọ̀ńjà láti ra obì gbàǹja. Ó ní kí ọyẹ́ tó dé, òun á ti padà. Ọyẹ́ dé, ètè wa bẹ̀rẹ̀ sí í là, a kò rí i. Bí mo bá ń gbálẹ̀, màá fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ wo ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá ń rànwú, òwú á já mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá gbọ́ pé àwọn oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan wọ àdúgbò Gàmbàrí, kí ìyá mi tó pè mí, mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ìyá mi á ní, “ṣé ìdí rẹ ò ní gbélẹ̀ ni?”

Àbúrò ìyá mi kan wà tí a ń pè ní Ìyá Kékeré. Òwú ló ń tà, òun ló sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa á láró. Ó dé lọ́jọ́ kan, ó ní obìnrin òyìnbó kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá rélùwéè ń wá òwú pupa. Èyí tó kó wá láti ìlú wọn, kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán.

“Mú eléyìí dání,” ìyá mi wí, ó nàka sí mi. “Bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ á sinmi.”

Ilé òyìnbó náà wà lẹ́yìn ìlú, nítòsí ojú irin. Obìnrin náà tín-ín-rín, kò sì dàgbà tó bí mo ṣe rò. Kí ó tó fọwọ́ kan òwú tí a gbé wá, ó ti dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ wo ọ̀nà. Kúkù rẹ̀, ará Abẹ́òkúta kan tó máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, sọ fún wa pé ọkọ rẹ̀ ti bá àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí apá òkè, obìnrin náà nìkan ló kù sílé. Ojú tó fi ń wo ọ̀nà yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ojú tèmi ni.

Obìnrin náà mú ọ̀pá gbọọrọ méjì jáde tí ẹnu wọn ṣóńṣó, aṣọ pupa kan tí kò tíì gùn sì so mọ́ ọ̀kan nínú wọn.

“Aṣọ ta nìyí?” Ìyá Kékeré bi kúkù.

“Aṣọ igi ni.”

“Igi kẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, igi. Tí Kérésìmesì wọn bá dé, wọ́n á gé igi kékeré kan wá sínú ilé, wọ́n á gbìn ín sínú garawa oníyanrìn. Aṣọ yìí ni wọn yóò fi yí ìdí rẹ̀ ká.”

Ìyá Kékeré rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. “Tòbí ni! Tòbí ni wọ́n fẹ́ ró fún igi!”

Kúkù túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà wò wá, òun náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Ibà ti ń ṣe é láti bí ọjọ́ mélòó kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè hun aṣọ náà tán fúnra rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo lè kọ́ iṣẹ́ náà. Mo ní mo lè kọ́ ọ, nítorí pé láti ilé rẹ̀, èèyàn lè rí ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà wọ̀lú.

Iṣẹ́ náà kò le. Ọmọdé lè ṣe é. Ọ̀pá kan máa ń gbé ojú òwú dání ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Wàá ti ẹnu ọ̀pá kejì bọ ojú àkọ́kọ́, wàá fi òwú kọ́ ọ, wàá fà á jáde, ojú tuntun á sì bọ́ sórí ọ̀pá kejì. Bó o bá dé òpin, wàá yí i padà, wàá tún bẹ̀rẹ̀. Láti etí ìsàlẹ̀ tó fẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá yá, wàá máa mú ojú méjì pọ̀ bí ẹyọ kan, kí aṣọ náà lè máa súnkì lọ sí àárín, níbi tí igi yóò gbà. Wọn kì í rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ó máa ń là sílẹ̀ bí ìró, kí wọ́n lè fi wé ìdí igi, kí wọ́n sì fi okùn dè é.

Bí kò ṣe le tó yìí, mo bà á jẹ́. Mò ń fa òwú le koko, ojú ń bọ́ sílẹ̀. Ó tú u. Mo tún hun ún, ó tún tú u. Inú bí mi, mo ju ọ̀pá náà sílẹ̀. Ó ṣà wọ́n, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé tèmi. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbóná bí ara ìkòkò tó wà lórí iná.

“Ó ní kí o má fún un lọ́rùn,” kúkù wí. “Ó ní jẹ́ kó mí.”

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kiri àdúgbò wa pé ọmọ àáfà ń hun aṣọ fún òrìṣà àwọn onígbàgbọ́. Bàbá mi ni àáfà náà. Lẹ́yìn ìrun alásàárì ọjọ́ kan, ó pè mí síwájú àwọn tó wá fẹjọ́ sùn.

“Wọ́n ní igi ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?”

“Bàbá, mi ò mọ̀.”

Kò pariwo mọ́ mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí n síwájú. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò wọlé. Ìta ló dúró sí. Ó kí obìnrin náà dáadáa, ó wá sọ fún kúkù pé, “Bi í, ṣé wọ́n ń forí balẹ̀ fún igi yìí?”

Obìnrin náà mi orí. Ó ní rárá o, ìyá òun ló máa ń gbé e sílé lọ́dọọdún, àwọn ọmọ á jókòó yí i ká, wọ́n á máa kọrin. Aṣọ náà kò ju kó bo garawa mọ́lẹ̀ lọ. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wá sí ilẹ̀ yìí, òun ò tíì fojú kan ìyá òun.

“Ó ń bo garawa,” bàbá mi wí. “Mi ò rí hàráámù nínú kéèyàn bo garawa. Kó hun ún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọdún wọn, kò gbọdọ̀ dé ibí.” Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó ń ṣe obìnrin náà. Nígbà tí ó gbọ́ pé ibà ni, ó tẹ́wọ́, ó ṣàdúrà fún un níbi tó dúró sí. Obìnrin náà tẹrí ba títí ó fi ṣe é tán.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn tó ti Gọ̀ńjà dé wọ̀lú. Ọkọ àfẹ́sọ́nà mi kò sí láàárín wọn. Ara rẹ̀ le, wọ́n wí. Ó ti fẹ́ ìyàwó sọ́hùn-ún, ó ti kọ́lé, kò ní í bọ̀ mọ́. Ìyá mi sunkún. Èmi ò sunkún. Mo mú aṣọ igi tí mo ti gbé wálé, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo hun ún títí ìka mi fi bó. Ibi tí mo hun lọ́jọ́ náà le bí awọ, ó sì súnkì láàárín aṣọ tó kù.

Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà pé kó tú u. Ó fọwọ́ pa ibẹ̀, ó bi kúkù ohun tó ṣẹlẹ̀, kúkù sì sọ fún un. Ó dá aṣọ náà padà fún mi láìtú u.

“Ó ní kó wà bẹ́ẹ̀,” kúkù wí. “Ó ní máa bá a lọ.”

Mo bá a lọ. Ohun tí n ò mọ̀ ni pé ibà náà ń lágbára sí i. Ọkọ rẹ̀ dé láti òkè, ó rí bó ṣe rù, ó ní àfi kó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, níbi tí àwọn dókítà wà. Kérésìmesì kò tíì dé. Kúkù sáré wá sílé wa láàárọ̀.

“Òní ni wọ́n ń lọ o! Aṣọ ńkọ́?”

Aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo gbé e, èmi àti Ìyá Kékeré bẹ́ sọ́nà. Mò ń hun bí mo ṣe ń rìn. Òwú bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń yí nínú eruku, Ìyá Kékeré ń lé e, ó sì ń bú mi. Nígbà tí a dé tésàn, ọkọ̀ ti ń rú èéfín. Wọ́n gbé obìnrin náà sórí àga gbọọrọ kan, wọ́n fi aṣọ wé e. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo hun ìlà tó kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti rú mi lójú. Gbogbo ojú òwú ṣì wà lórí ọ̀pá, bí mo bá sì yọ ọ̀pá, gbogbo rẹ̀ ló máa tú. Kò tíì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀.

Mo gbé e sókè, mo fi hàn án. Ó gbìyànjú, ó dìde jókòó. Ó hun ojú méjì, ó fi àkọ́kọ́ fo orí èkejì, ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ó tún hun ẹyọ kan, ó tún fi èyí tó wà lẹ́yìn fò ó. Ó wá nawọ́ rẹ̀ sí mi. Mo ṣe tèmi. Ọkọ rẹ̀ sọ nǹkan kan, ohùn rẹ̀ le. Obìnrin náà tún nàka sí ojú tó kàn. Ọkọ̀ fọn fèrè. Mò ń kánjú, ṣùgbọ́n mi ò fún òwú náà lọ́rùn. Nígbà tó ku ojú kan ṣoṣo, mo fi eyín gé òwú, mo fà á gba inú rẹ̀, ó so.

Ó gba aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀, nítorí òtútù ibà. Ó kó ọ̀pá méjèèjì fún mi. Wọ́n gbé e wọ inú ọkọ̀, kúkù bá wọn wọ̀ ọ́, ọkọ̀ sì ṣí.

Kúkù padà dé lẹ́yìn ọdún wọn. Ó ní obìnrin náà kò kú. Ó lo ọjọ́ díẹ̀ ní ọsibítù, ibà náà lọ sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ní kó wọ ọkọ̀ òkun padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

“Aṣọ yẹn ńkọ́?” mo bi í. “Ṣé wọ́n ró o fún igi?”

“Èmi ò rí igi kankan,” ó wí. “Orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà nígbà tó ń wọ ọkọ̀ òkun.”

Ìyá Kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa na òwú àlàárì kan sí mi. Ó ní ọyẹ́ ò tíì lọ, etí àbíkẹ́yìn òun sì ń tutù. Kí n fi ọ̀pá yẹn hun fìlà fún un. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀.