Nígbà Tí Òyìnbó Ní Kí A Parẹ́

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a lọ kọ́ èdè Sípéènì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Sango, olùkọ́ wọlé, ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó ní, "Ọ̀la!" Ni mo bá gbé báàgì mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó pariwo.

"Bàbá, ibo lẹ ń lọ?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó di ọ̀la, Mísì."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àṣé "hola" ni wọ́n fi ń kíni lọ́hùn-ún. Ká sòótọ́, inú mi ti dùn pé ó di ọ̀la. Láti ìgbà tí mo ti jáde pírámárì síìsì, n kò tún jókòó níwájú bọ́ọ̀dù mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí bí ọmọ tó ya ìwé onílé.

Ilé iṣẹ́ táìsì kan lọ́nà Ìgbẹ́sà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa ra ẹ̀rọ tuntun láti Sípéènì, èyí tí í tẹ amọ̀ di táìsì. Enjiníà àgbàlagbà kan bá ẹ̀rọ náà wá, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju "gúdù" lọ. Dípò kí ọ̀gá wá ògbufọ̀ kan ṣoṣo, ó ní kí gbogbo àwa òpérétọ̀ lọ kọ́ èdè. Ọgbọ́n ọ̀gá nìyẹn. Ẹni tó bá yege yóò dúró ti ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, lódìn ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń ru páálí táìsì sínú tírélà látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yìn mi kì í ṣe ti lódìn mọ́. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mú bàtà, ìyàwó mi ní í fà mí dìde.

Èmi àti Rasaki, ará Ìwó, la jọ ń lọ. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó yí wa ká ń fi fóònù ya àwòrán bọ́ọ̀dù. Èmi ń làágùn. Wọ́n ń kọ́ tiwọn kí wọ́n lè gba máàkì, kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó dé gétì.

Mísì Bùkọ́lá, olùkọ́ wa, ẹni tí àbíkẹ́yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà jù, ṣàlàyé pé "tú" ni "ìwọ", "usted" ni "ẹ̀yin" ti ọ̀wọ̀, "ustedes" sì ni "ẹ̀yin" ti èèyàn púpọ̀.

"Èwo ló lọ́wọ̀ jù, Mísì?"

"Bàbá, ẹnì kan, usted. Púpọ̀, ustedes."

Mo mi orí bí ẹni tó gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, àgbàlagbà kan ṣoṣo, ó yẹ kó pọ̀. Mo mú èyí tó gùn jù.

Lọ́jọ́ tí ó kọ́ wa pé "pare" ni wọ́n fi ń sọ pé "dúró", Rasaki ti sá lọ wo bọ́ọ̀lù ní Jójú. Mo ní kí n kọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀. Mo mọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ mọ̀ mí."

Nínú ilé iṣẹ́ ni ìdánwò ti wáyé, méjì-méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ké. Bọ́tìnnì pupa kan wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Mo tẹ̀ ba débi tí ẹ̀yìn mi gbà, mo kí enjiníà: "Cómo están ustedes?"

Òyìnbó wo ẹ̀yìn. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ó wo òrùlé.

"Ẹ̀gbọ́n," Rasaki rọra bi mí, "mélòó lẹ rí?"

Lójijì ni òyìnbó gbé ọwọ́ sókè, ó figbe ta: "Pare!"

Rasaki parẹ́. N kò ní purọ́, ẹsẹ̀ tèmi náà ti ṣí. Ohùn ọkùnrin náà dà bíi ti ẹni tó rí iná. Gbogbo Sípéènì tí mo kọ́ fò lọ, Yorùbá nìkan ló kù lórí mi, ó sì ń ní kí n sá. Ẹ̀yìn mi ni kò jẹ́ kí n tètè yí. Ibi tí mo ti ń yí i díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Mísì ti sọ sí mi lọ́kàn. Mo na ọwọ́, mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Gúdù," ni òyìnbó wí.

Ìta gétì ni wọ́n ti rí Rasaki lórí ọ̀kadà, ó ń bi ọlọ́kadà pé kí ló tún ń dúró dè.

Lódìn ló wà báyìí. Bí mo bá ń kọjá, yóò pariwo láàárín páálí, "Ustedes! Ẹ kú ìjókòó o!" Èmi náà á ní, "Ọ̀la!"

Òyìnbó ti padà sílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá a lọ. Òun la fi ń dá ẹ̀rọ dúró títí dòní. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, kí n tó fi bọ́tìnnì hàn án, mo máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbá a léjìká mú. Mo máa ń sọ fún un pé: "Tí o bá gbọ́ 'parẹ́', má parẹ́."