Gudveig Tó Ń Gbá Èèyàn Létí Lórí Yìnyín

Ní àfonífojì Jostedal tiwa níbí, bí ẹ bá bèèrè Gudveig Bjørkehaug lọ́wọ́ ọmọdé, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ẹni tó ń gbá èèyàn létí yẹn?" Wọn ò parọ́ mọ́ ọn. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń kó àlejò gun yìnyín ńlá tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wa, àárọ̀ ni wọ́n ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń dé. Obìnrin kúkurú ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Kì í bọ́ ìbọ̀wọ́ níwájú èèyàn, ì báà jẹ́ níbi oúnjẹ. Àwa rò pé òtútù ló ń mú un.

Gbogbo wa la mọ̀ pé orí yìnyín yẹn náà ni Sjur, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú sí nígbà tí Gudveig jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Okùn kan náà ni àwọn méjèèjì so mọ́dìí lọ́jọ́ náà. Òjò dídì tó bo ẹnu kòtò kan nínú yìnyín já lábẹ́ ẹsẹ̀ Sjur, ó sì jábọ́. "Yìnyín ló pa á," ni Gudveig wí, òun náà la sì gbà.

Òfin kan ṣoṣo ló ní fún àlejò: okùn tó so wọ́n pọ̀ kò gbọdọ̀ dẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ká a sọ́wọ́; ẹni tó bá rú u, ìgbátí ni. Bí okùn bá nà, ẹni tó bá jábọ́ kò ní jìn lọ títí. Bí o bá ká a sọ́wọ́, gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ni yóò kọ́kọ́ tú tán kí okùn tó mú ẹni tó jábọ́.

Lóṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ó kó èèyàn márùn-ún lọ: olùkọ́ mẹ́ta láti ìlú, pẹ̀lú Halvard, ọ̀gá òṣìṣẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun, àti Synnøve, ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé. Oòrùn ń ràn yòò nígbà tí wọ́n ń gòkè. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọ̀sán, ìjì já lù wọ́n. Ó gbé olùkọ́ kan ṣánlẹ̀, yìnyín wẹ́wẹ́ sì ń ta wọ́n lójú bí òkò.

"À ń padà!" Gudveig pariwo.

"Padà báwo?" Halvard dáhùn. "Ihò yìnyín aláwọ̀ búlúù tá a tìtorí ẹ̀ wá rèé níwájú! Ṣé nítorí atẹ́gùn lásán ni, ìyá yìí?"

"Yíjú padà, jàre. Tó o bá délé, kó o lọ ṣe ọkùnrin níbẹ̀."

Wọ́n yí padà. Àwọn olùkọ́ wà níwájú, Synnøve tẹ̀ lé wọn, Halvard tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀, Gudveig sì kẹ́yìn kó lè máa rí gbogbo wọn. Inú ń bí Halvard. Okùn tútù ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ká èyí tó wà láàárín òun àti ìyàwó rẹ̀ sọ́wọ́.

"Ju okùn yẹn sílẹ̀!"

Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Halvard! Mo ní kó o jù ú sílẹ̀!"

"Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú okùn? Láti kékeré ni mo ti ń fa okùn ọkọ̀!"

Gudveig sáré bá a, ó sì fi gbogbo agbára fọ́ ọ létí. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà nímú Halvard, okùn sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi lo gbá?" Ó gbé àáké tó fi ń gun yìnyín sókè, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Màá tún gbá ọ sí i, ẹran! Ìyàwó rẹ ló wà lẹ́nu okùn yẹn! Synnøve, máa lọ, jẹ́ kó nà!"

Synnøve rìn síwájú títí okùn fi nà tàn-àn. Ìṣísẹ̀ kan sí i, ilẹ̀ là lábẹ́ rẹ̀. Wọn ò rí i mọ́, igbe rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Okùn fa Halvard dojú bolẹ̀, àáké tí ì bá fi ṣá Gudveig ló sì rì sínú yìnyín tó dá a dúró. Wọ́n fa Synnøve jáde, ètè rẹ̀ ya, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán, ṣùgbọ́n ó ń mí.

Halvard gbá a mọ́ra. "Ká ní okùn yẹn ṣì wà ní kíká lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

Gudveig bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún. Àpá jíjinlẹ̀ kan gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ já. "Bí okùn ṣe sá kọjá nìyí," ó wí. "Orí Sjur ti fọ́ mọ́ yìnyín kí okùn tó mú un. Èmi ni mo ká a sọ́wọ́."

Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tu itọ́ funfun jáde láti ọjọ́ náà. Bó sì ṣe sọ ọ́ tán, ó mọ̀ pé kò sí bí òun ṣe lè máa wo ojú ìyá òun mọ́ bí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

Pẹ̀lú aṣọ tútù lára ló fi wọlé tọ Màmá Borghild, ìyá rẹ̀ tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Kọfí àti wàràkàṣì wà lórí tábìlì. Gudveig dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Màmá Borghild rọra dìde. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì gbá a létí, ó dún wàì.

"Màámi, mo mọ̀ pé èmi ni mo pa á fún yín."

"Ta lo rò pé ó wẹ egbò ọwọ́ yẹn fún ọ?" ìyá náà bi í. "Ìyàwó ẹni tó ń kó èèyàn gun yìnyín ni mo jẹ́. Ṣé mi ò mọ ohun tí okùn ń ṣe sọ́wọ́ ni?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ gbá mi nígbà náà?"

"Kì í ṣe torí Sjur. Ọgbọ̀n ọdún lo fi jẹ́ kí n máa dá sunkún ẹ̀, nígbà tí ìwọ náà ń dá sun tìẹ."

Ó mú ọwọ́ tó ní àpá náà, ó fà á dé ìdí tábìlì, kò sì fi í sílẹ̀ títí kọfí fi tutù.